Ìwé ìtàn fún àwọn ọ̀dọ́: ṣé dandan ni kí ọmọ yẹn dáríjì bùọ̀dá ìyá ẹ̀?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìwé ìtàn kan fún àwọn ọmọ ọdún 14 sí 18, Òṣogbo níbí ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin SS2 kan ni, bùọ̀dá ìyá ẹ̀ ló ń san owó iléèwé ẹ̀, ọkùnrin yẹn náà ló sì ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ láti ìgbà tó ti wà ní práímárì. Nígbà tí ìyá àgbà kú, ọmọ yẹn rí lẹ́tà kan nínú àpótí ìyá àgbà, ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò ìyá ẹ̀ obìnrin náà nìyẹn, torí ẹ̀ ni àǹtí yẹn ṣe kó lọ Ìbàdàn tí ò wálé mọ́, ìyá àgbà mọ̀, màámi ẹ̀ náà mọ̀. Ní orí tó kẹ́yìn, alẹ́ àìsùn ọdún tuntun, pásítọ̀ kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀, bùọ̀dá bẹ̀bẹ̀, ọmọ náà dáríjì í, wọ́n gbàdúrà, ó tán. Mo tún ń rò ó láti fi orí kan sọ pé bùọ̀dá náà jìyà nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín. Àwọn méjì tí mo fún kà ti ń bá ara wọn jà. Ọ̀kan ní kí n yọ ìdáríjì yẹn, èkejì ní tí mo bá yọ ọ́, kò sí òbí Yorùbá tó máa fowó ẹ̀ ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ fọ́mọ. Èwo ni kí n tẹ̀lé?

* * *

Ẹ yọ ọ́. Mo kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí kí n má baà fọ̀rọ̀ falẹ̀ fún yín.

Mi ò kórìíra ìdáríjì o. Onígbàgbọ́ ni mí, Àdúrà Olúwa ò jìnnà sí mi lẹ́nu, mo mọ ohun tí Jésù ní ká ṣe. Ohun tó ń dùn mí nínú orí yẹn ni pé gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló fẹ́ kí ọmọ yẹn dáríjì. Pásítọ̀ fẹ́ kí ìpàdé òun yọrí sí rere, màámi ẹ̀ fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀, bùọ̀dá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ kí ìwé parí. Ọmọ yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò bi pé kí ni ìwọ fẹ́. Ọmọ ọdún 16 láàárín àgbàlagbà mẹ́rin márùn-ún, lẹ́yìn aago méjìlá òru, tí gbogbo wọn ń wo ẹnu ẹ̀, kí lẹ rò pé ó lè sọ? Bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni látìgbà tó ti wà lọ́mọdé nìyẹn, òun náà ni ọkùnrin yẹn sì fi rí i mú.

Olùkọ́ Literature ni mí níléèwé girama kan nígboro níbí. Nígbà kan mo ka ìtàn kan fún àwọn ọmọ SS2, ọmọ inú ìtàn yẹn ń jẹ ìyà lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, ó ń lù ú bí ẹni lu bàrà, nígbà tó parí wọ́n dì mọ́ra wọn, gbogbo wọn sunkún, ó tán. Mo ní kí kálukú sọ ohun tó rò. Àwọn ọkùnrin sọ tiwọn, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, bàbá ni bàbá ń jẹ́. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́, kò nawọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó pa ìwé ẹ̀ dé ó gbọ́wọ́ lé e. Nígbà tí mo pè é ó kàn ní, "Ohun tí mọ́mì mi náà sọ nìyẹn, mà." Mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ níwájú àwọn yòókù, lẹ́yìn tí wọ́n lu aago ni mo mú un lọ bá obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá gbé ìwé kan fún mi pé kí n fún àwọn ọmọ kà, ojú irú ọmọ yẹn ni mo fi ń kà á. Tó bá jẹ́ pé ohun tí ìwé náà máa sọ fún un ò yàtọ̀ sí ohun tí ilé ti sọ fún un, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe?

* * *

Àwọn tó ń sọ pé àṣà wa ni pé kí ẹbí parí ọ̀rọ̀ nínú ilé, mo gbọ́ yín. Òwe méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé dìde. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Tá a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ká fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Òwe gidi ni wọ́n, mi ò bá òwe jà, ibi tí wọ́n ń gbé e sí ni mò ń bá jà. Ti kóòtù yẹn, ẹni tó ń bá ara wọn ṣe ẹgbẹ́ ló wà fún, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń jà sí ilẹ̀, àwọn alájọgbé tó ń fa ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí. Ti ọwọ́ òsì, ìbáwí ni wọ́n ń sọ, ọmọ tó ṣe ohun tí kò dáa tí wọ́n nà. Kí ni ọmọ yìí ṣe tí wọ́n fi ń pe tiẹ̀ ní ìbáwí?

Tó bá sì jẹ́ àṣà la fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo ẹ̀. Èèwọ̀ ni nílẹ̀ Yorùbá kí ọkùnrin fọwọ́ kan ọmọ ìyá ẹ̀ tàbí ọmọ tí ọmọ ìyá ẹ̀ bí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kàn ń bo eérú lé, ohun tí àwọn àgbà gbà pé ó lè kó bá odidi agbo ilé ni, tí wọ́n ń wá ètùtù sí. Ẹni tó bá wá ń fi àṣà bò ó mọ́lẹ̀ lónìí, apá tó bá a lára mu ló mú. Yorùbá kan náà ló ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

Ti òfin náà wà ńbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sì sí pé ọmọ náà gbà. Ti ọwọ́ fífi kàn án àti àwọn ìlòkulò yòókù tí wọn ò dárúkọ lọ́tọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn dìde máa ka òfin o, ìwé á di ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ó yẹ kí ẹnì kan nínú ìtàn náà mọ̀ ọ́n, bóyá nọ́ọ̀sì, bóyá àǹtí Ìbàdàn, kí ẹni tó ń kàwé lè rí i pé ohun tí ẹbí ń pè ní àṣìṣe bùọ̀dá, ìjọba ní orúkọ tó ń pè é.

* * *

Lẹ́tà inú àpótí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò.

Ìyá àgbà wo ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló jókòó kọ lẹ́tà nípa irú nǹkan báyìí tó wá tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ aṣọ? Nínú àwọn ilé wa, irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í fara pa mọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọn ò kàn ní í sọ ọ́ ni. Ẹ ò rí i pé wọn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin kan sùn nílé bàbá kan, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní yàrá ò tó. Tí ẹnì kan bá dárúkọ àǹtí Ìbàdàn nídìí oúnjẹ, ẹlòmíì á ní ẹ gbé omi wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń mọ̀ pé nǹkan kan wà. Ìgbà tó sì máa ń bọ́ síta ni ìgbà ìsìnkú àti ìgbà ogún pínpín, torí ìgbà yẹn ni àwọn tó ti pẹ́ tí wọn ò rí ara wọn máa ń wálé tí owó á sì wọ̀ ọ́.

Ẹ ti ní ìsìnkú nílẹ̀, ẹ lò ó. Ẹ jẹ́ kí àǹtí wálé. Kò ra aṣọ ẹbí. Ó jókòó sí ìparí kánópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, báàgì ẹ̀ wà lórí itan ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde. Bùọ̀dá ló ra màlúù, gbogbo èèyàn ló ń kí i pé ó ṣe bẹbẹ. Wọ́n ní kí ọmọ yẹn gbé oúnjẹ fún àǹtí, ó gbé e dé ibẹ̀, ó kúnlẹ̀, àǹtí gba ìrẹsì ó yọ ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo ọmọ yẹn títí, ó wá bi í pé, "Nígbà họlidé, ilé ta lo máa ń sùn?" Ìbéèrè yẹn nìkan ti tó. Ọmọ ọdún 15 tó ń kà á ò nílò lẹ́tà kankan mọ́, á ti mọ̀ pé àǹtí mọ̀, ọmọ inú ìwé náà á sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

* * *

Mo tún ka orí tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun tí ọmọ yẹn dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ń wo Arugbá tó ń gbé igbá kọjá tó ń sunkún. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ìlú wa hàn nínú ìwé, ó dáa, oṣù kẹjọ ni, èrò pọ̀, ẹ lè kọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ gbogbo ọmọ Òṣogbo ló mọ̀ pé ọmọbìnrin tí kò mọ ọkùnrin ló ń ru igbá yẹn, láti ìdílé ọba. Tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ tí wọ́n hu irú ìwà yẹn sí síwájú Arugbá tẹ́ ẹ ní ó ń sunkún, ohun tí ọmọ tó ń kàwé máa gbé lọ ni pé òun ò mọ́ mọ́, pé ohun tí wọ́n fi ń pe ọmọ ní ọmọ ti kúrò lára òun. Mi ò rò pé ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ síbi ọdún kó rẹ́rìn-ín kó ra bàrà jẹ. Ọjọ́ tí inú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dùn náà wà, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ìyẹn sínú ìwé.

* * *

Màámi.

Ibí ni àwọn èèyàn ti máa ń bínú jù. Wọ́n á ní ìyá yẹn burú ju ọkùnrin náà lọ torí ó mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ. Mi ò gbà pé ó burú jù ú lọ. Ẹni tó ṣe é ló ṣe é. Àmọ́ ó jẹ gbèsè tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìwé yín ò tíì jẹ́ kó san kọ́bọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́. Bùọ̀dá ló ra ṣọ́ọ̀bù fún un ní Ìgbọ̀nà, bùọ̀dá ló ń san owó iléèwé ọmọ, bùọ̀dá ló san owó ọsibítù nígbà tí ọkọ ẹ̀ ń ṣàìsàn. Gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé yín, àmọ́ ojú ìwé kan níbí, ojú ìwé kan lọ́hùn-ún, bí ẹni pé wọn ò kan ara wọn. Ẹ kó wọn jọ. Owó ló fi ra ẹnu wọn, ìyẹn gan-an ni àṣírí ilé yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà bi ìyá ẹ̀ léèrè ní ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń ka owó ọjà, kí ìyá náà má sunkún, kó ní, "Kí ni kí n ti ṣe? Ta ni ì bá bọ́ yín?" Ẹ má fún ọmọ yẹn ní èsì kankan síbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, àwọn ìyá tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, a ò lè fi ìwà ibi nìkan ṣàlàyé wọn. Èmi ò mọ ìyá kan tó fẹ́ràn kí wọ́n fìyà jẹ ọmọ òun. Mo mọ àwọn tó ṣírò rẹ́ǹtì àti sukúùfíìsì tí wọ́n wá dákẹ́.

Chimamanda Ngozi Adichie ṣe irú nǹkan yìí nínú Purple Hibiscus ní 2003. Bàbá Kambili, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà, ń da omi gbígbóná sọ́mọ lẹ́sẹ̀, ó ń lu ìyá wọn títí oyún fi bàjẹ́ lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú ń yìn ín torí ọwọ́ ẹ̀ là, ìwé ìròyìn ẹ̀ sì ń bá ìjọba ológun wọ̀yá ìjà. Ìyá yẹn ló wá fi májèlé sínú tíì bàbá, Jaja ẹ̀gbọ́n Kambili gba ẹ̀sùn náà sórí ara ẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, Kambili ṣì ń ṣe Máàsì fún bàbá ẹ̀ lọ́jọọjọ́ Sunday, kò sì sọ fún Jaja. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn. Ìfẹ́ tó ní sí bàbá ẹ̀ kò lọ, ẹnikẹ́ni ò kó o jọ sí pálọ̀ kó wá kéde ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló wà, ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣe é. Ọmọ lè fẹ́ràn ẹni tó fìyà jẹ ẹ́, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó ti dáríjì í, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti kórìíra ẹ̀.

* * *

Ti pé bùọ̀dá náà jìyà nígbà tó wà lọ́mọdé, kẹ́ ẹ fi orí kan sọ tiẹ̀. Ẹ lè ṣe é. Stephen Chbosky ti Amẹ́ríkà ṣe irú ẹ̀ ní 1999 nínú The Perks of Being a Wallflower. Àǹtí tí Charlie, ọmọ tó ń sọ ìtàn náà, fẹ́ràn jù ló hùwà yẹn sí i, ó ti kú, ọmọ náà ò sì rántí títí ìwé fi ń parí lọ. Nígbà tó wá rántí, ó rò ó pé tí òun bá di ẹ̀bi ru àǹtí, òun á tún di í ru àwọn tó fìyà jẹ àǹtí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Charlie fúnra ẹ̀ ló débẹ̀, ó wà nílé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀, òbí ẹ̀ gbà á gbọ́, àǹtí náà ò sì sí láyé tó máa tún dé bá a nínú yàrá mọ́. Ti ọmọ tiyín, ọkùnrin náà ṣì ní kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lọ́wọ́.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ẹ kọ ọ́ pé bùọ̀dá "bẹ̀bẹ̀", ẹ ò sọ bó ṣe bẹ̀bẹ̀. Àgbà ilé wa kì í kàn bẹ ọmọdé bẹ́ẹ̀ yẹn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé á rán ẹlòmíì sí i: ẹ bá mi bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, ẹ ní kó fọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, èṣù ni. Tí wọ́n bá wá pàdé, ọmọ yẹn ló máa kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n kọ́ ọ pé kó kúnlẹ̀ fún àgbà. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó jìyà ló wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ wà lórí àga, wọ́n wá ń pe ìyẹn ní ìlàjà.

Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ ọ́, ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo máa tẹ̀ mọ́ láti orí kìíní. Gbogbo ìgbà tí bùọ̀dá bá wọlé, ọmọ náà á kúnlẹ̀, ẹ má ṣàlàyé. Ní ìgbà kan láàárín, á pẹ́ kó tó kúnlẹ̀, ìyá ẹ̀ á fojú sọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tó bá máa fi dé ìparí, á dúró. Á ní "ẹ káàsán, sà" lórí ìdúró, gbogbo ilé á sì gbọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá tó bá ka ibẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan ńlá ti ṣẹlẹ̀, kò tún sí ìwàásù tó máa sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un.

Ẹ lè bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ ìgbéraga kọ́ nìyẹn, ṣé a ò ní máa kọ́ ọmọ ní àfojúdi. Màámi kan bi mí bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé òbí. Mo ní rárá, mà. Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ fún gbogbo àdúgbò tí kò wá kúnlẹ̀ fún ẹnì kan, àdúgbò ló yẹ kó bi ẹni yẹn léèrè.

* * *

Ṣé òbí á rà á? Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ìwé ìtàn tí òbí ń rà níbí, ọ̀pọ̀ ẹ̀, iléèwé ló kọ ọ́ sínú lísìtì. Ohun tí mo sì rí i tí àwọn ọ̀gá iléèwé ń bẹ̀rù ni ìran tí wọ́n ti ṣàlàyé ìbàjẹ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí kẹrin yín gùn jù níbẹ̀ yẹn. Ẹ dá a dúró nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ orí tó tẹ̀lé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì níbi tó ti ń fọ aṣọ iléèwé ẹ̀ tí kò dọ̀tí. Àwọn ọmọ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ò ní í fi ìwé yín kọ́ ọ.

Ní ti orí tó kẹ́yìn, èmi á ní kẹ́ ẹ fi pásítọ̀ síbẹ̀ o, ẹ má yọ ọ́. Ẹ kàn yí ohun tó ń ṣe padà. Pásítọ̀ tó máa gba ọmọ yẹn gbọ́, tó máa sọ fún bùọ̀dá pé Ọlọ́run lè dáríjì í ṣùgbọ́n òun á bá ọmọ náà àti àǹtí ẹ̀ dé tésàn, irú wọn wà, mo mọ̀ wọ́n, inú ìwé la ò tíì rí wọn tó. Kí ọmọ náà lọ bá àǹtí ẹ̀ n'Ìbàdàn kó parí SS3 ẹ̀ níbẹ̀, kí ìyá ẹ̀ sìn ín dé Old Garage, kó bá a gbé báàgì, kí wọ́n má tíì yanjú ohun tó wà láàárín wọn. Tí ẹnì kan bá bi í pé ṣé ó ti dáríjì bùọ̀dá, kó ní òun ò tíì mọ̀. Kó má sẹ́ni tó máa bínú sí i fún èsì yẹn.

Kẹ́ ẹ sì fi ojú ìwé kan sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ìtàn bá ti tán, pé tí irú nǹkan báyìí bá ń ṣẹlẹ̀ sí ìwọ tó o ka ìwé yìí, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ, sọ fún àgbàlagbà kan, tí ẹni yẹn ò bá gbà ẹ́ gbọ́, sọ fún ẹlòmíì, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni, má dúró sórí ẹnì kan. Èdè tó rọrùn ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti tún orí kẹrin àti orí tó kẹ́yìn yẹn kọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé, obìnrin tó ń rí sí ìmọ̀ràn níléèwé wa náà ti ní òun máa bá yín kà á.